Ta ni ó mọ iye tí àwa Yorùbá jẹ́ ní Nàìjíríà?

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí di ọ̀rọ̀ òṣèlú, nítorí pé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ni ó fà á. Olùkọ́ ní kí àwọn ìbejì mi kọ ìpín tí ẹ̀yà mẹ́ta tí ó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà kó nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí i. Táíwò gba fóònù mi, ó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní Yorùbá jẹ́ 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Kẹ́hìndé gba ti bàbá wọn, òun ní 15.5 ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà. Àbúrò ọkọ mi tí ó jókòó sí pálọ̀ ní irọ́ ni méjèèjì, pé àwa Yorùbá nìkan ti tó àádọ́ta mílíọ̀nù, pé wọ́n kàn ń rẹ́ wa jẹ ni. Mo bi í léèrè ibi tí ó ti rí i. Ó ní gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n.

Èmi fúnra mi wá lọ wo èsì ìkànìyàn ọdún 2006, torí mo rò pé ibẹ̀ ni ìdáhùn yóò wà. Mo rí iye ènìyàn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo rí ti ìjọba ìbílẹ̀, mo rí ọkùnrin, mo rí obìnrin, ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀yà kankan níbẹ̀. Bí wọn kò bá béèrè ẹ̀yà ẹnikẹ́ni, níbo ni 21 àti 15.5 ti wá? Kí ni ìdí tí wọn kò fi béèrè? Èwo sì ni kí àwọn ọmọ yìí kọ?

Tíṣà Jọ́gíráfì (Ọ̀yọ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Àwọn ìbejì kò parọ́, ṣùgbọ́n nǹkan tí olùkọ́ wọn ní kí wọ́n wá kò sí. Oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni ìgbà ìkẹyìn tí ìjọba Nàìjíríà ka ènìyàn, tí ó béèrè ẹ̀yà olúkúlùkù, tí ó sì tẹ́wọ́ gba iye tí ó jáde. Ní ọdún náà, wọ́n ní gbogbo wa jẹ́ 55,670,055. Àwọn tí a kọ sílẹ̀ ní Haúsá lé ní mílíọ̀nù 11.6, Yorùbá jẹ́ mílíọ̀nù 11.3, Ígbò jẹ́ mílíọ̀nù 9.2, Fúlàní sì súnmọ́ mílíọ̀nù 4.8. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ti Yorùbá jẹ́ 20.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rí i pé 21 tí Táíwò rí kò jìnnà síbẹ̀. Bí ó bá tún wo ojú ewé kan náà, ó ṣeé ṣe kí ó rí i pé wọ́n kọ 29 fún Haúsá àti Fúlàní pọ̀. Ìpín ti Haúsá ní 1963 jẹ́ 20.9, ti Fúlàní jẹ́ 8.6, ẹ ro wọ́n pọ̀ kí ẹ wo ohun tí yóò jáde. Lójú tèmi, nǹkan tí àwọn bàbá wa sọ fún akànìyàn ní ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn ni ayé ṣì ń dà kọ gẹ́gẹ́ bí ìròyìn òní.

Iye ti 1963 gan-an kò mọ́ kúrò lábẹ́ àríyànjiyàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó ka Nàìjíríà ní 1952 sí 1953, ní agbègbè kan lẹ́yìn èkejì, mílíọ̀nù 30.4 ni wọ́n rí, nínú èyí tí Yorùbá jẹ́ bíi mílíọ̀nù márùn-ún. Láti márùn-ún sí 11.3 láàárín ọdún mọ́kànlá! Mo ti fi ìṣirò yìí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rí: bí ènìyàn ọgọ́rùn-ún bá ń fi mẹ́ta lé sí i lọ́dọọdún, èyí tí kì í ṣe kékeré rárá, mílíọ̀nù márùn-ún kò ní í pé méje lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Bí àwa Yorùbá bá ń sọ pé àwọn ará Àríwá fẹ iye tiwọn, ó yẹ kí a rántí pé Ìwọ̀-Oòrùn náà kò jókòó kí ó máa wòran.

Nǹkan méjì ni ó bá àárín ìkànìyàn méjèèjì jẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, nígbà ayé òyìnbó, ẹni tí ó bá wá ka ilé rẹ ni ẹni tí yóò padà wá gba owó orí. Ní 1929, ní Olókò nítòsí Umuahia, kíka tí wọ́n ń ka àwọn obìnrin àti ẹran wọn ni ó mú kí àwọn obìnrin gbà pé owó orí ń bọ̀ lórí àwọn náà, ogun àwọn obìnrin sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìkànìyàn 1931 kò rí ẹsẹ̀ walẹ̀ dáadáa ní agbègbè náà nítorí rẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, àṣà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nítorí náà, àwọn ènìyàn sá fún ìkànìyàn 1952 sí 1953, iye wọn sì kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Èkejì ni pé iye tí ó kéré yìí ni wọ́n fi pín àga ilé ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fún ìdìbò 1959: Àríwá gba 174 nínú 312, Ìlà-Oòrùn gba 73, Ìwọ̀-Oòrùn gba 62, Èkó gba 3. Ọjọ́ náà ni ojú gbogbo ènìyàn là. Ẹni tí ó ti ń fi ọmọ pamọ́ nítorí owó orí bẹ̀rẹ̀ sí í yá ọmọ kún ọmọ nítorí àga.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ìkànìyàn 1962 mú kí iye Ìlà-Oòrùn fò sókè ju ti Àríwá lọ fíìfíì, wọ́n ní kí Àríwá tún tirẹ̀ yẹ̀ wò, tirẹ̀ náà sì tún fò sókè. Tafawa Balewa pa á rẹ́, ó tún òmíràn kà ní 1963. Michael Okpara tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, kò rí i gbà. Ti 1973 ní a jẹ́ mílíọ̀nù 79.76, pé ó lé ní mílíọ̀nù 51 nínú wa tí ó wà ní Àríwá, pé iye Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sì kéré ju èyí tí ó jẹ́ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú lọ, bí ẹni pé a kò bímọ mọ́. Olóyè Awólọ́wọ̀ takò ó. Nígbà tí Murtala Muhammed gba ìjọba ní 1975, ó pa á rẹ́, ó ní kí a máa lo ti 1963 lọ.

Èyí ni ó fà á tí àwọn tí ó ṣètò ìkànìyàn 1991 fi yọ ìbéèrè ẹ̀yà àti ti ẹ̀sìn kúrò. Wọn kò dá a padà ní 2006.

Akànìyàn Àtijọ́ (Òṣogbo)

Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Mo wà lára àwọn tí wọ́n kó fọ́ọ̀mù lé lọ́wọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò sí ẹ̀yà lórí fọ́ọ̀mù náà, kò sì sí ẹ̀sìn. A béèrè ọjọ́ orí, ìgbéyàwó, ẹ̀kọ́ ìwé, iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ní àti ohun tí wọ́n fi ń dáná. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé bí wọn kò bá fi ẹ̀sìn àti ẹ̀yà sí i, àwọn kò ní jẹ́ kí a ka àwọn, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé bí wọ́n bá fi í sí i, àwọn náà kò ní jáde. Ìjọba fi í sílẹ̀.

Ohun tí Bàbá Tíṣà sọ nípa kíka ọmọ fún ọlọ́mọ, mo fojú ara mi rí i. Mo bá ìyá àgbà kan ní ojúlé, mo ní, “Ìyá, ọmọ mélòó ni ó wà nínú ilé yìí?” Ó ní, “Wọ́n wà, Olúwa ń ṣọ́ wọn.” Mo tún un bi. Ó ní wọ́n pọ̀ tó bí Ọlọ́run ṣe fẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó jáde tí ó ń dárúkọ wọn fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìyá náà sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó má bàa gbọ́ iye tí yóò jẹ́. Ní òdìkejì òpópónà kan náà, baálé kan fẹ́ kí n kọ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀n àti ọ̀kan tí ó wà ní Kútọnù. Àṣẹ tí wọ́n pa fún wa ni pé ẹni tí a bá bá nílé ni kí a kà. Ó bínú, ó ní ṣé àwọn ìlú mìíràn kò ní ka àwọn ọmọ tiwọn ni.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì fi sọ́kàn. Kí ìkànìyàn tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ mọ́tò lọ sí ìlú wọn kí wọ́n lè ka wọ́n sí ibẹ̀, nítorí pé iye ìlú ni ó ń mú owó wá. Ará Ìjẹ̀bú tí ó ń gbé Múṣin lọ sí Ìjẹ̀bú, ará Ọ̀ka tí ó ń gbé Àjégúnlẹ̀ lọ sí Ọ̀ka. Nígbà tí èsì jáde, Kánò jẹ́ 9,401,288, Èkó jẹ́ 9,113,605. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe ìkànìyàn tirẹ̀ ní àkókò kan náà, 17,553,924 ni ó ní òun rí. N kò lè sọ pé tiwọn ni ó tọ̀nà o, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹjọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ìkànìyàn, ìgbìmọ̀ náà sì fagi lé iye ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìnlá nínú ti Èkó ní 2013.

Ọmọ Òkun (Kàbbà)

Mo kí yín, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀nà kan wà tí àwọn kan ń gbà ṣírò iye Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn ìbejì kí wọ́n má lọ síbẹ̀. Wọn a kó iye ìpínlẹ̀ mẹ́fà Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ní 2006 jọ, yóò jẹ́ mílíọ̀nù 27.7, wọn a pín in fún 140,431,790, wọn a ní Yorùbá jẹ́ 19.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dùn ún gbọ́ létí nítorí pé ó súnmọ́ 20.3 ti 1963. Ṣùgbọ́n níbo ni àwa wà nínú rẹ̀? Èmi jẹ́ ará Kàbbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Òwórò, gbogbo wa ni Yorùbá, a kò sì sí nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà náà. Ìlọrin àti Ọ̀fà ńkọ́? Ní ọwọ́ kejì, mélòó nínú àwọn tí wọ́n kà ní Aláàbà ní Èkó ni Ígbò, mélòó ni Haúsá tí ó wà ní Ṣáṣá ní Ìbàdàn, mélòó ni Ègùn tí ó wà ní Badagry? Ìpínlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà.

Mo tún ní ìbéèrè fún Bàbá Tíṣà: ẹ ti sọ ibi tí 21 ti wá, ẹ kò sọ ti 15.5 tí Kẹ́hìndé rí.

Tíṣà Jọ́gíráfì (Ọ̀yọ́)

O ṣeun, ọmọ mi, mo gbàgbé ni. Àwọn ìpín tí ó ní ọdún 2018 lára, èyí tí 15.5 wà nínú wọn (Haúsá 30, Ígbò 15.2, Fúlàní 6), bá ìwádìí ìlera àti ìbímọ tí wọ́n ṣe ní ọdún náà mu. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í ka gbogbo ènìyàn. Wọn a mú ìwọ̀nba ilé káàkiri ìpínlẹ̀ gbogbo, wọn a bá àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49 sọ̀rọ̀ àti àwọn ọkùnrin kan pẹ̀lú, wọn a sì bi wọ́n ní ẹ̀yà wọn, kì í ṣe láti mọ iye ẹ̀yà bí kò ṣe kí wọ́n lè mọ bí ọ̀rọ̀ ìbímọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe rí lọ́dọ̀ oníkálukú. Ọmọdé kò sí nínú wọn, àgbàlagbà kò sí. Bí wọ́n ṣe pín àwọn ilé náà sórí ìpínlẹ̀ tún dá lórí ìkànìyàn 2006 tí a ń jà lé lórí. Bí Kẹ́hìndé bá fẹ́ lò ó, kí ó kọ ọ́ pé ìwádìí ni, pé kì í ṣe ìkànìyàn.

Ọmọ Alákétu (Bẹ̀nẹ̀)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un, nítorí pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, wọ́n ń béèrè ẹ̀yà, ayé kò sì bàjẹ́. Ìkànìyàn ọdún 2013 ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ (Benin Republic) ka 10,008,749 ènìyàn. Fọ̀n àti àwọn tí ó tan mọ́ wọn jẹ́ 38.4 nínú ọgọ́rùn-ún, Àjà jẹ́ 15.1, Yorùbá jẹ́ 12, Bàrìbá jẹ́ 9.6. Kò sí ẹni tí ó gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí pé Yorùbá jẹ́ 12 dípò 13. Mo rò pé ìdí rẹ̀ ni pé kò sí owó oṣooṣù tí wọ́n so mọ́ iye náà.

Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ní ẹni tí ó wà nínú 12 yẹn. Ní ilé, a kì í sábà sọ pé “Yorùbá ni mí.” Ará Kétu a ní òun jẹ́ Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́ a ní òun jẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́, ará Ìdáàṣà a ní Ìdáàṣà ni òun, Ọ̀họ̀rí a ní Ọ̀họ̀rí, àwọn aládùúgbò wa sì ń pe gbogbo wa ní Nàgó. Àwọn tí ó ń ṣètò èsì ni wọ́n kó wa sínú agbọ̀n kan tí wọ́n kọ Yorùbá sí lára. Mo gbà pé agbọ̀n náà tọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó hun ún ni iye náà wà. Bí Nàìjíríà bá béèrè lọ́la, tí Ìjẹ̀bú kọ Ìjẹ̀bú, tí Ẹ̀gbá kọ Ẹ̀gbá, tí Ìtsẹkírì kọ tirẹ̀, ta ni yóò sọ ẹni tí a ó kà mọ́ Yorùbá?

Bàbá Ṣèyí (Lọ́ńdọ̀n)

Ọmọ Alákétu, ọ̀rọ̀ yín pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 2021 tí wọ́n ka ènìyàn níbí, àyè kan wà lẹ́yìn “African” tí ènìyàn lè kọ ohun tí ó bá wù ú sí. Mo kọ Yorùbá. Ìyàwó mi, tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, kọ Nàìjíríà. Ọmọ wa tí ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ní kí a fi òun sílẹ̀, òun yóò kọ tòun. Abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wa wà o.

Agbẹjọ́rò Kékeré (Àkúrẹ́)

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti òwúrọ̀, n kò sì fara mọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ bí ẹni pé yíyọ ìbéèrè náà kúrò jẹ́ ọgbọ́n. Ẹ wo bí a ṣe ń pín nǹkan. Iye ènìyàn wà lára ohun tí a fi ń pín owó àpapọ̀ láàárín àwọn ìpínlẹ̀, ó sì wà lára ohun tí a fi pín àga 360 ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, nínú èyí tí Kánò àti Èkó ní mẹ́rìnlélógún mẹ́rìnlélógún. Kánò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìnlélógójì, Èkó ní ogún. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó béèrè ẹ̀yà. Iye ìpínlẹ̀ ni ó ń fa ìjà. A yọ ẹ̀yà kúrò ní 1991, ìjà ha dópin bí? Ní 2013, alága àjọ ìkànìyàn fúnra rẹ̀, Festus Odimegwu, sọ ní gbangba pé kò sí ìkànìyàn kan tí ó ṣeé gbára lé ní Nàìjíríà láti ọdún 1816, ọ̀rọ̀ náà sì bí àwọn kan nínú débi pé ó fi ipò sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ẹ̀yà kò sí lórí fọ́ọ̀mù kankan nígbà náà.

Nígbà tí a kò béèrè, ohun tí a pàdánù ni èdè. Ta ni ó mọ iye ènìyàn tí ó ń sọ Yorùbá ní Ìlọrin, tí ilé ẹ̀kọ́ fi lè mọ iye olùkọ́ tí ó yẹ kí ó gbà? Ta ni ó mọ iye ọmọ Àkókó tí ó ṣì ń sọ èdè ìlú wọn? Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà bá le jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè èdè tí a ń sọ nínú ilé.

Tíṣà Jọ́gíráfì (Ọ̀yọ́)

Agbẹjọ́rò, mo fara mọ́ ti èdè pátápátá, mi ò tilẹ̀ rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ti ẹ̀yà ni mo ṣì ń bẹ̀rù. Ẹ sọ pé ẹ̀yà kò sí lára ohun tí a fi ń pín nǹkan. Òótọ́ ni, lónìí. Ẹ jẹ́ kí a gbé iye kan jáde pé báyìí báyìí ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ẹ wò ó bóyá kò ní í wà lẹ́nu olóṣèlú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Nǹkan tí ó sì dájú ni pé a kò tíì rí ìkànìyàn tí a óò fi ìbéèrè náà sí. Wọ́n ti múra ti 2023 sílẹ̀ tán, wọ́n sún un láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, nígbà tí oṣù kẹrin ń parí lọ, Ààrẹ Buhari ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìjọba tí ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún àwọn ọmọ náà lálẹ́ àná. Àwọn méjèèjì kọ nǹkan kan náà: Haúsá 20.9, Yorùbá 20.3, Ígbò 16.6, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ìkànìyàn 1963 ni, pé láti ìgbà náà, kò sí iye ẹ̀yà kankan tí ìjọba tẹ́wọ́ gbà. Kẹ́hìndé fi 15.5 rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó kọ “ìwádìí ni” sí i. Àbúrò ọkọ mi ṣì wà lórí àádọ́ta mílíọ̀nù.

Olùkọ́ fún wọn ní márùn-ún nínú mẹ́wàá. Ó ní 21 ni ó wà nínú ìwé tí àwọn ń lò. Táíwò ní kí n bi Bàbá Tíṣà bóyá wọ́n lè bá òun kọ ìwé sí olùkọ́ náà.